Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Dókítà Orí Tẹlifíṣàn

Bí ọkàn ènìyàn bá ti dákẹ́ pátápátá, tí ìlà ojú ẹ̀rọ nà gbọọrọ, iná mànàmáná kò lè jí i. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí pé nínú gbogbo eré ilé ìwòsàn tí mo ti wò, ohun tó máa ń dùn ún wò jù lọ nìyí, òun náà ló sì jìnnà sí òtítọ́ jù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀rọ ń dún láìdáwọ́ dúró, nọ́ọ̀sì ń sáré, dókítà gbé irin méjì dání, ó fi ọ̀kan ra èkejì, ó pariwo "Clear!", gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn, ara aláìsàn fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìlà tó ti nà gbọọrọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè sódò. Ìyàwó rẹ̀ tó ń wò láti ojú fèrèsé bú sẹ́kún ayọ̀.

Iṣẹ́ tí iná yẹn ń ṣe gan-an yàtọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ọkàn kò dákẹ́, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n: iṣan rẹ̀ ń jà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tó lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ síbì kankan. Èyí ni àwọn dókítà inú eré ń pè ní "V-fib". Iná tí wọ́n ta sí àyà máa ń dá gbogbo iṣan náà dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ibi tí ọkàn ti ń gba àṣẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ létòlétò. Claude Beck, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi iná gba ẹ̀mí ènìyàn là báyìí ní ọdún 1947. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 ni aláìsàn náà, àyà rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ọkàn ọmọ náà ń gbọ̀n ni. Ká ní ó ti dákẹ́ ni, kò sí ohun tí iná ì bá rí dá dúró. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọkàn tó dákẹ́ ni kí wọ́n máa tẹ àyà láìsinmi, kí wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline, miligíráàmù 1 ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra wọn, kí wọ́n sì máa wá ohun tó fa ìdákẹ́jẹ́ náà. Iṣẹ́ tó gùn ni, ó ń mú ni làágùn, kò sì lẹ́wà lójú kámẹ́rà.

Títẹ àyà pàápàá, àwọn òṣèré kì í ṣe é bó ṣe yẹ, mi ò sì bá wọn wí. Ẹni tó bá tẹ àyà ẹni tó wà láàyè wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, nígbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, lè dá a légungun ìhà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń ká ìgúnpá wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni àbájáde tí wọ́n ń fi hàn wá. Ní ọdún 1996, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n ti wo apá 97 nínú ètò mẹ́ta, ER, Chicago Hope àti Rescue 911, wọ́n sì rí ìgbà 60 tí wọ́n gbìyànjú láti jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló jí lójú ẹsẹ̀, ìdá 67 ló sì dà bíi pé ó padà sílé lẹ́yìn náà. Ní àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà gidi, níbi tí ohun èlò wà, tí nọ́ọ̀sì sì wà nítòsí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń padà sílé lóde òní. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nílé tàbí lójú pópó, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni.

Ẹ wá ro ti ìdílé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣàn nìkan ni wọ́n ti rí i rí. Ohun tí wọ́n ń retí ni ìdá 75. Bí dókítà bá jáde tó sì mi orí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé ẹnì kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má wo eré wọ̀nyí. ER ló fà mí wọ inú wọn, lórí àwọn díìsìkì tí wọ́n ń tà létí títì, tí season mẹ́rin tàbí márùn-ún há sórí ẹyọ kan. Michael Crichton tó dá a sílẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn jáde ní Harvard ní 1969. Ní 1974 ló kọ ìtàn àkọ́kọ́ ER, ìwé náà sì wà nílẹ̀ fún ogún ọdún kí NBC tó gbé e sórí afẹ́fẹ́ ní September 19, 1994. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò dúró ṣàlàyé fún wa. Wọ́n á ti aláìsàn wọlé, ọ̀rọ̀ á sì máa fò láti ẹnu dé ẹnu: "CBC", "Chem-7", "type and cross", "push one of epi". Ojú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni a ó wò láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà burú tàbí ó dára. Ẹni tó bá ti jókòó rí létí bẹ́ẹ̀dì ènìyàn rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí: a ò gbọ́ èdè náà, ojú ni a ń kà.

Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àdábọwọ́ òṣèré. Neal Baer ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Harvard nígbà tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ ER. Lance Gentile tí wọ́n jọ kọ ọ́ jẹ́ dókítà ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Torí náà àyẹ̀wò tí wọ́n bá pè, àyẹ̀wò gidi ni, oògùn tí wọ́n bá pè, òun náà ni wọ́n ń lò fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ọ̀rọ̀ ni òtítọ́ inú eré wọ̀nyí. Àkókò ni wọ́n ń gé kúrú, àbájáde ni wọ́n sì ń bù kún.

Àbúrò màmá mi kan, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Ìbàdàn, ló jẹ́ kí n mọ èyí. Bí Àǹtí bá ti iṣẹ́ òru dé, kó tó lọ sùn, á jókòó sétí àga, á sì máa pe oògùn kí dókítà inú eré tó pè é. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí ní wọ́ọ̀dù yín?" Ó ní, "Oògùn yẹn gan-an ni. Àmọ́ ta ló lọ rà á?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Nínú gbogbo ER, mi ò rántí ẹbí kan tí wọ́n fún ní ìwé oògùn lóru pé kó lọ wá ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa, kò sì yẹ kó da ẹnikẹ́ni láàmú. Ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni UCH Ìbàdàn, tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1957, fi kọ́ àwọn dókítà wa, torí náà "epi" tiwọn ni adrenaline tiwa, CBC tiwọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ni FBC tiwa, "attending" wọn ni consultant, "intern" wọn ni house officer, yàrá iṣẹ́ abẹ sì ni tíátà. Ẹni tó bá wo Casualty ti BBC, tó ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1986, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ti ilé jù. PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, nìkan ni mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn tó bí mo ṣe ń gbọ́ ọ níbí, níbi tí kò sí ìdílé tó ní ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde tí kò mọ iye tó yẹ kó jẹ́.

House, tó wà lórí tẹlifíṣàn láti 2004 títí di 2012, ló sọ lupus di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni ẹnì kan ń dá a lábàá, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn pé kì í ṣe lupus, títí tí ó fi wá jẹ́ òun nínú season kẹrin. Ó yẹ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́, torí pé àìsàn náà lè mú awọ ara, oríkèé, kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, ó sì ń fara jọ àìsàn mìíràn. Obìnrin ló ń mú jù, nǹkan bíi mẹ́sàn-án sí ọkùnrin kan, àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà sì ń ní in ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan gba ìtọ́jú ibà àti tàífọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé ìwòsàn kan, oríkèé ń dùn ún, irun ń jábọ́ lórí rẹ̀, kí dókítà mìíràn tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún un. Nígbà tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún un, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé òun ti gbọ́ ọ rí nínú eré. Ó ní ó ran òun lọ́wọ́ díẹ̀ pé kò ṣàjèjì sí òun pátápátá. Mo gbà á gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni gìrì àti wárápá. Àwọn olùwádìí ní Dalhousie University ní Kánádà wo Grey's Anatomy, House, Private Practice àti season márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ER, gbogbo rẹ̀ jẹ́ apá 327, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí ní 2010. Ìgbà 59 ni gìrì mú ẹnì kan. Ní nǹkan bí ìdajì ìgbà wọ̀nyẹn, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe ohun tí kò yẹ: wọ́n dì í mọ́lẹ̀, tàbí wọ́n ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu lè pe "Ativan", oògùn tó ń dá gìrì dúró, kó sì pe iye tó yẹ, kí ọwọ́ máa ṣe ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣíbí la máa ń lò níbí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ki ṣíbí onírin sáàárín eyín ọmọ ọdún méjì títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó lẹ́nu. Àwọn mìíràn ń ti ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná, àwọn mìíràn ń fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, èyí tí àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà ti ń kọ̀wé lórí ewu rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970.

Ohun tó yẹ kò nira, ó sì dùn mí pé eré tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń wò kò lo ìṣẹ́jú kan péré láti fi í hàn. Ẹ mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì dì í mọ́lẹ̀. Ẹ wo aago. Bí ó bá ti tó ìṣẹ́jú 5 tí kò dúró, tàbí tí òmíràn tún tẹ̀ lé e kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ibẹ̀ ni Ativan tàbí diazepam ti wúlò. Bó bá sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí gìrì mú ọmọ nìyẹn, ẹ gbé e lọ bó tilẹ̀ ti dúró.

Gìrì mìíràn wà tó jẹ́ ti aboyún, òun ló sì so mí mọ́ ER jù lọ. Ní March 9, 1995, wọ́n fi apá kan hàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Love's Labor Lost". Lance Gentile ló kọ ọ́, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún un. Obìnrin kan tó lóyún wá sí ibi pàjáwìrì, ó ní òun ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Dókítà Mark Greene, tí Anthony Edwards ṣe, dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó sì láàánú, rò pé ilé ìtọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kó máa lọ sílé. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn, gìrì ti mú un. Eclampsia ni. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ nínú eré yìí jáde lẹ́nu wọn: magnesium, BP, ìlù ọkàn ọmọ tó ń lọ sílẹ̀, èjìká ọmọ tó há. Wọ́n ń pe ọ̀gá àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún, kò tètè dé. Greene la ikùn obìnrin náà níbẹ̀. Ọmọ yè. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n ta iná sí i, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó kú. Lójú tèmi, apá yẹn ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú gbogbo eré náà: wọ́n pe gbogbo ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ti pẹ́ jù.

Àǹtí kò sọ̀rọ̀ kan títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó ní kó máa lọ." Gbogbo àlàyé tó ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ń bi í díẹ̀díẹ̀, tó sì ń dá mi lóhùn.

Eclampsia wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá jù ní Nàìjíríà. Kó tó di gìrì, ó máa ń jẹ́ pre-eclampsia: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, BP á gòkè dé 140 lórí 90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì sábà rí purotéènì nínú ìtọ̀. Orí á máa fọ́ ọ, ojú á máa ṣú u, abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa dùn ún, ojú àti ọwọ́ á wú. Ẹlòmíràn kì í mọ nǹkan kan lára rárá, àfi kí wọ́n wọn BP rẹ̀. Wọ́n á ní oyún ló ń wú u, oòrùn ló ń fọ́ ọ lórí. Bí gìrì bá wá dé, ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni, wọn á gbé e kọjá níwájú ilé ìwòsàn lọ sí ibi àdúrà.

Magnesium sulphate, tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní mag sulph, kò wọ́n rárá. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Magpie, tó jáde ní 2002, tí àwọn aboyún tó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì yìí kù ju ìdajì lọ. Nínú eré, èémí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pè é. Ní wọ́ọ̀dù, gbogbo òru ni. Àǹtí ní wọ́n á fún un ní gíráàmù 4 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì á dúró tì í. Á fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀ láti wò bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta. Á ka èémí rẹ̀. Á wọn ìtọ̀ tó ń jáde ní wákàtí wákàtí. Ìdí ni pé bí oògùn náà bá pọ̀ jù lára, orúnkún ni kò ní dáhùn mọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni èémí máa dúró, torí náà calcium gluconate gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti fi dá a padà. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é bí aláìsàn bá pọ̀, tí nọ́ọ̀sì kò sì ju méjì lọ. Ó ní òun kì í jókòó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀. "Type and cross for four", dókítà á wí, kámẹ́rà á yí, páìntì ẹ̀jẹ̀ ti wà lókè. Láti 1901 tí Karl Landsteiner ti fi oríṣi ẹ̀jẹ̀ hàn ni a ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu lè pa ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe cross-match, ó sì lè gbà tó wákàtí kan bí wọ́n bá ṣe é délẹ̀. O negative, ẹ̀jẹ̀ Rhesus negative tó lè bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, ni wọ́n ń sáré gbé nínú eré bí àyè kò bá sí. Láàárín tiwa níbí, ẹni tó jẹ́ Rhesus negative kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, torí náà kò rọrùn láti rí i ní blood bank. Ọkọ ni wọ́n á ní kó lọ wá ènìyàn wá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn dípò èyí tí wọ́n fẹ́ gbé fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó dúró lágogo méjì òru, tó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, tí ẹnì kan ò tíì lè kí i kú ewu ọmọ. Mo ti bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dúró, mo sì wà lára àwọn tó na apá. Kò sí eré kan tó fi iṣẹ́ yẹn hàn mí rí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá ẹlòmíràn á yè.

Bob Hearts Abishola, tó wà lórí CBS láti 2019 títí di 2024, mú inú mi dùn lọ́nà tí mi ò retí. Eré apanilẹ́rìn-ín ni lóòótọ́, àmọ́ nọ́ọ̀sì Yorùbá ni Abishola tí Folake Olowofoyeku ṣe, ìlú Detroit ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sọ èdè ilé ìwòsàn lọ́sàn-án kó tó lọ sílé lọ sọ Yorùbá pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n ń ka ìtumọ̀ Yorùbá nísàlẹ̀ àwòrán. Bí ìyẹn bá ṣeé ṣe níbẹ̀, ó ṣeé ṣe níbí. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, dókítà kì í ju kó jáde láti ẹnu ọ̀nà, kó bọ́ awò ojú rẹ̀, kó ní àwọn ti sa gbogbo ipá àwọn. Ipá wo? Kí ni wọ́n ṣe? Oògùn wo ni wọ́n fún un, nígbà wo?

Ohun tí mo fẹ́ rí ni eré ilé ìwòsàn ní Yorùbá, ní wọ́ọ̀dù aboyún, ní ìlú wa. Kí apá àkọ́kọ́ jẹ́ ti obìnrin kan tí orí ń fọ́. Kí nọ́ọ̀sì wọn BP rẹ̀, kí a gbọ́ iye náà ketekete, 170 lórí 110. Kí ìyá ọkọ tó tẹ̀ lé e wá béèrè pé kí ni ìyẹn, kí nọ́ọ̀sì sì sọ ọ́ fún un títí yóò fi yé e, láìgé e kúrú. Kí a rí òòlù orúnkún. Kí a rí ẹni tó lọ ra oògùn, àti iye tó rà á. Kí wọ́n sì gba nọ́ọ̀sì síbi tí wọ́n ti ń kọ ìtàn náà láti ọjọ́ kìíní, bí ER ṣe gba dókítà. Àǹtí mi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ya fíìmù bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, èmi ni màá mú un lọ sílé rẹ̀.